Ìfun Ẹyẹ Tí Mo Fún Ajá Pítà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Peckham níbí. Mo kí Ìyá, mo kí Bọ̀dá Rábíù, mo sì kí gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ. Ẹ ní kí n kọ lẹ́tà nípa ọdẹ ìlú òyìnbó, kí wọ́n lè kà á sókè nípàdé yín. Mo ti kọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ ń retí. Inú ló ń bí mi, ẹ̀yin náà sì wà lára àwọn tí inú ń bí mi sí.

Mo ṣì ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Bermondsey. Òtútù ibẹ̀ máa ń wọ egungun, ènìyàn sì lè ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú kó má gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí Pítà, àgbà òyìnbó kan ní Sydenham tó gbọ́ pé ọmọ ọdẹ ni mí, ní kí n máa bá òun lọ sí oko ọdẹ ní Kẹ́ǹtì lọ́jọ́ Sátidé. Ajá mẹ́rin ló ní, irú ajá ọdẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní Lábúrádọ̀, dúdú mẹ́ta, pupa kan. Bẹ́sì ni àgbà inú àwọn dúdú, òun ló sì bí Hónì, èyí pupa; àwọn méjì yòókù kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Ọdẹ tiwọn ò jọ tiwa. Àwọn olówó á tò sórí ìlà, àwọn kan á lu igbó, ẹyẹ fẹ́sántì á fò sókè, ìbọn á sì máa dún. Ẹyẹ náà ń sá nínú koríko bí àparò, àmọ́ ó tó àkùkọ. Iṣẹ́ tiwa ni ká dúró sẹ́yìn, kí Pítà máa rán ajá níkọ̀ọ̀kan láti lọ gbé èyí tó bá já bọ́, láìjẹ́ kí eyín wọ ẹran rẹ̀. Èyí tí kò bá tíì kú, Pítà á lọ́ ọ lọ́rùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n fi Bísímílà dú àwọn tó máa ń fún mi, kí Sẹkínátù ìyàwó mi lè rí wọn sè. Ó gbà.

Bàbá, ibẹ̀ ni mo ti ṣe bí ọmọ yín. Ẹ máa ń sọ pé ọdẹ tí kò fún ajá ní ìpín rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ahun ni, ajá ò ní sáré fún un mọ́. Hónì ló sábà máa ń gbé tèmi wá. Bí mo bá ti dú ẹyẹ tán, mo máa ń la inú rẹ̀, mo sì ń ju ìfun gbígbóná sí Hónì lẹ́nu. Pítà kì í rí mi. Mi ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kọ́ ajá yẹn láti má ṣe gan-an ni mò ń kọ́ ọ.

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn, ẹyẹ ń já bọ́ bíi máńgòrò lójú ìjì. Ọ̀pọ̀ ṣì ń jà pìtìpìtì nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kún ìyẹ́ wọn. Wọ́n pọ̀ ju ohun tí ajá kan lè kó, ni Pítà bá tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Hónì gbé akọ ńlá kan, kò gbé e wá. Ó dùbúlẹ̀ lé e, ó fa inú rẹ̀ ya. Bẹ́sì sún mọ́ ọn láti gbà á, Hónì sì fò mọ́ ọn lọ́fun. Àwọn méjì yòókù dà sí i. Mo ki ọwọ́ bọ àárín wọn, eyín kan egungun mi, mi ò mọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń dà mọ́. Mo lu Hónì, mo fi igi há a lẹ́nu kó tó fi í sílẹ̀. Ọ̀fun Bẹ́sì ti ya. Ẹsẹ̀ Pítà ló kú sí.

Ẹni tó ń ṣọ́ oko náà gbé ìbọn dé, ó ní ajá tí ẹnu rẹ̀ bá ti bàjẹ́ kò ṣeé tún kọ́ mọ́. Mo dùbúlẹ̀ lé Hónì lórí nínú ẹrẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo fún un ní ẹ̀jẹ̀ jẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yìnbọn pa á, ẹ yìnbọn pa èmi náà mọ́ ọn." Pítà ò gbé ojú kúrò lára òkú ajá rẹ̀. Ó kàn ní kí n mú èyí tí mo ti bà jẹ́ lọ, kí òun má rí mi mọ́.

Bí Hónì ṣe dé orí bákónì wa nìyẹn. Sẹkínátù ní ajá ọdẹ ni ẹ̀sìn gbà wá láyè láti ní, pé èyí kì í ṣe ajá ọdẹ mọ́, kí n wá ibi gbé e lọ. Òótọ́ ló sọ. Ajá náà ń ba èmi gan-an lẹ́rù, mo máa ń dì í lẹ́nu nílé àti lóde. Tí mo bá rántí Bẹ́sì, mo máa ń bínú sí yín, Bàbá. Lẹ́yìn náà ni ojú á tì mí, torí ẹ̀yin kọ́ lẹ rán mi lọ sí Kẹ́ǹtì.

Lánàá ni Pítà kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó wá pa á ni, mo sì dí i lọ́nà. Kò bá mi jà. Ó rọra kọjá lára mi, ó kúnlẹ̀ lórí bákónì, ó tú ohun tí mo fi di Hónì lẹ́nu, ó la ẹnu rẹ̀, ó ń wo eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá sọ pé, "Nínú gbogbo ọmọ tí Bẹ́sì bí, òun nìkan ló ṣẹ́ kù." Ó dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń sunkún bí ọmọdé, Hónì sì ń lá a lójú. Nígbà tó ṣe, ó fi okùn sí i lọ́rùn, ó mú un lọ sílé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa pa ohun tó fẹ́ràn wa. Ẹ̀mí yín á gùn, ìbọn yín ò ní já yín kulẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ sì bá mi fọwọ́ pa àwọn ajá yín lórí.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùfútáù