Ọjọ́ Tí N Kò Gbọ́ Òórùn Irú

Èmi, Ràmọ́tà Àyọ̀ká Sàídù, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tí mo ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́ ní ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi. Dókítà ní kí n má bẹ̀rù, ó sì tún ní kí n fọwọ́ sí ìwé. Bí mo ti fọwọ́ sí tiwọn tán, mo jókòó láti kọ tèmi.

Mo yan àbúrò ìyá mi, Alhaji Saifudeen, ṣe alámòójútó. Ìdí rẹ̀ ń bẹ ní ìsàlẹ̀.

1. Kọ̀ǹpútà mi àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi di ti Ìbùkúnọlá tí a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù. Kí ó má ṣe dá àwọn tó máa ń ké pé "Àǹtí, ẹ ṣàánú mi, ọ̀la ni difẹ́ǹsì mi!" lóhùn. Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù.

2. Ewúrẹ́ mi méjèèjì tó wà ní Ọ̀yọ́ di ti Ìyá Dámisí, aládùúgbò wa, tó ti ń fún wọn ní èèpo iṣu láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú. Èyí tó dúdú máa ń jẹ aṣọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

3. Máṣíìnì ìránṣọ ìyá wa àti àlùmọ́gàjí rẹ̀ ńlá di ti àbúrò mi, Marufat. Òun ni ìyá wa kọ́ níṣẹ́. Èmi, wọ́n ní kí n lọ máa kàwé, mo sì jowú. Nígbà tí Marufat lọ, mo gbé máṣíìnì náà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, èmi tí n kò mọ aṣọ rán. Ó wà lábẹ́ aṣọ nínú yàrá mi. Mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí i kí n tó jẹun.

4. Gbèsè. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo jẹ, kì í ṣe ti owó. Marufat ni mo jẹ ẹ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, mo dé Ọ̀yọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ìyá mi ń se ọbẹ̀. Ó ṣí ìkòkò sí mi, n kò gbọ́ òórùn irú. Ó rẹ́rìn-ín: "Àyọ̀ká, imú rẹ ti di ti olówó Ògbómọ̀ṣọ́!" Mo bá a rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún un pé ọjọ́ kẹta nìyẹn tí n kò ti gbọ́ òórùn ohunkóhun. Orí ẹní kan náà la jọ sùn. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, Marufat ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú ikọ́ eruku, gbogbo agbo ilé sì gbọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́.

Oògùn ibà ló lò fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà nílé wa tí kò gbọ́ òórùn mọ́. Mo mi orí pé rárá. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò tì mí mọ́lé. Ní ọjọ́ kejìlá, ó kú. Níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Alhaji Saifudeen dìde: "Marufat, ikọ́ tí o gbé wá láti Ìbàdàn ló pa ìyá rẹ." Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Ìka ẹsẹ̀ mi ni mo ń wò. Marufat kó ẹrù rẹ̀, kò sì wọ ilé náà mọ́ títí dòní.

Ọkàn mi ń fura, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ dájú títí di ọdún tó kọjá, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé purójẹ́ẹ̀tì wá fún mi láti tẹ̀. Orí kòrónà ló kọ ọ́ lé. Iṣẹ́ mi ni kí n tẹ ohun tí mo rí, kì í ṣe kí ó yé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ aránṣọ ni mí, ó yé mi. Kòkòrò náà kò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ lára tó ń ṣí ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá kéékèèké tí a fi mọ ara èèyàn. Bó bá ti wọlé, yóò tẹ́ pátáànì tirẹ̀ sílẹ̀, máṣíìnì onílé yóò sì máa rán aṣọ àlejò. Aṣọ gbọọrọ kan ni wọ́n ń kọ́kọ́ rán. Kòkòrò náà yóò fi àlùmọ́gàjí tirẹ̀ gé e, yóò tò ó pọ̀ di ọmọ tuntun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí yóò jáde lọ ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Oògùn kan wà tó ń há sẹ́nu àlùmọ́gàjí náà, kó má lè gé. Òmíràn ń ṣe bí òwú gidi. Wọn yóò fi rán aṣọ náà, ìránṣọ yóò sì bàjẹ́. Àárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ni wọ́n wúlò jù, kí àdàkọ tó pọ̀ ju agbára ara lọ. N kò ní purọ́: n kò gbọ́ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tí wọ́n fi ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí wà, à bá sì ti tètè gbé e lọ ká ní mo sọ̀rọ̀.

Ojú ewé kẹtàlélógún ni ọwọ́ mi ti dúró. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ìgbà tí kòkòrò bá wọlé títí ikọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán òru méjì, ó sì sábà máa ń tó márùn-ún. Mo kà á lórí ìka. Láti ọ̀dọ̀ mi, òru márùn-ún. Láti ọ̀dọ̀ Marufat, òru kan.

Òórùn irú ti padà sí imú mi báyìí. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò dáná ló máa ń wá. Mo máa ń dìde lọ ṣí ìkòkò. Òfìfo ni.

5. Yàrá ìyá wa ní Ọ̀yọ́ di ti Marufat. Kí Alhaji yọ àgádágodo tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò.

6. Alhaji, mo kúnlẹ̀ kí yín. N kò dá yín lẹ́bi. Ohun tí ẹ rí lẹ sọ, èmi tí mo rí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹ̀yin ni kí ẹ ka ìwé yìí, lórí ìdúró, lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí Marufat sì wà níjókòó.

7. Wọ́n sọ fún mi pé ìwé ìhágún kì í ṣiṣẹ́ títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi kú. Ìpín kìn-ín-ní àti èkejì lè dúró dè mí. Ìyókù kò gbọdọ̀ dúró. Mo ti ya àwòrán àwọn ojú ewé tó ṣáájú, mo ti fi ránṣẹ́ sí Marufat kí n tó kọ ìlà yìí, kí ọkàn mi má baà yí padà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí ẹ kà á. Bí mo bá kú, ẹ kà á. Bí mo bá yè, n ó wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe fo ọ̀rọ̀ kankan nítorí ojú mi.

Mo fọwọ́ sí i ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Ràmọ́tà Àyọ̀ká Sàídù

Àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n rí i bí mo ti ń fọwọ́ sí i, tí ogún kankan kò kàn:
Olúfúnkẹ́ Ògúndìran, ayàwòrán, Takie
Ẹ̀yẹolúwa Ṣàngóyẹmí, olùtà bébà, Takie