Bátìrì Tí Mo Fi Abẹ́rẹ́ Sàmì Sí

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, 1985. Òkè-Onígbìn.

Aago ọwọ́ mi ti tún kú.

Lọ́jọ́ Ajé, kí n tó ní kí ọkọ mi bá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ Mùráínà tó ń tún aago ṣe ní Ọ̀mù-Àrán, mo fi ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ ha àmì sára bátìrì tó ti kú náà. Ayé ti le. Èèyàn lè dá ògbólógbòó padà fúnni kó ní tuntun ni. N ò sọ fún ọkọ mi.

Ilẹ̀ ti ṣú kó tó dé. Ó ní èrò ló pọ̀ lọ́dọ̀ Mùráínà. Aago ń ṣiṣẹ́, mo dúpẹ́.

Nígbà tó tún kú láàárọ̀ yìí, mo ṣí i. Àmì mi rèé! Mo wọkọ̀, mo lọ bá Mùráínà, mo bú u bí ẹni mú olè.

"Ìyá Ṣadé, mo fi Ọlọ́run búra, n ò fojú kan Bàbá Ṣadé láti Iléyá."

Ojú fèrèsé wa ni ọkọ mi máa ń sá bátìrì rédíò sí kí oòrùn lè fún un lágbára díẹ̀. Ó ti sá tèmi náà sóòrùn níbi tó lọ ni. Níbo ló wá wà títí ilẹ̀ fi ṣú?

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí láti pálọ̀ pé aago mélòó ló lù. Mo ní aago ti kú. Ó ní kò burú, òun á tún bá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ Mùráínà lọ́la.

Mo ní ó ṣeun. Mo ti wá bàtà tí kì í dún sílẹ̀.