Orúkọ Tó Wà Lórí Ìwé Ilẹ̀

Yèyé mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le, òtútù ìlú òyìnbó níbí ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Lọ́yà ti dáhùn. Nígbà tá à ń ra ilẹ̀ yẹn, àwọn onílẹ̀ ní ẹni tí ojú àwọn bá rí làwọn máa kọ̀wé fún, la bá lo orúkọ àbúrò bàbá mi. Ẹnu lásán ló fi sọ pé òun ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ni. Ó ti kú báyìí, lọ́yà sì ní àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ilé tí mo kọ́ fún yín.

Ẹ padà sí ahéré kòkó, afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Èmi náà ń kó ẹrù kúrò nílé tí mo háyà níbí, ẹ má béèrè ìdí.

Ẹ bá mi kí ìyàwó olóògbé. Ẹ ní kó má fi kọ́tìnì bo fèrèsé yàrá yín. Torí kẹ́ ẹ lè máa wo òkè Olósùnta láti orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ṣe ní kí wọ́n jẹ́ kó fẹ̀.

Ọmọ yín,
Ṣàkírátù