Ìyá Olódòdó, Àbúrò Wọn àti Ewé Yẹ́lò

Ọdún 1946 ni wọ́n bí màmá wa, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Olódòdó, sínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn tó ń rán bàtà. Aránṣọ ni ìyá wọn. Àwọn méjì péré ni òbí wọn bí: Màmá àti àbúrò wọn obìnrin, Àǹtí wa.

Màmá ka ìwé mẹ́fà. Lọ́dún 1967, wọ́n fẹ́ bàbá wa, awakọ̀ akẹ́rù, lẹ́yìn tí wọ́n ti wádìí Bàbá lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò. Ìfura Màmá kì í ṣe kékeré. Àwa ọmọ náà ń fura, àmọ́ a ò lè ní ọ̀dọ̀ Màmá nìkan la ti jogún ẹ̀, torí Bàbá náà á ti ilẹ̀kùn tán, wọ́n á tún padà lọ fà á wò.

Lọ́dún 1975, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ta òdòdó. Ògiri kúkúrú ló pààlà ọgbà wọn àti ti Àǹtí. Òdòdó kan wà níbẹ̀ tó ní ẹ̀ka tí ewé ẹ̀ funfun àti ẹ̀ka tí ewé ẹ̀ jẹ́ gíríìnì. Màmá kọ́ wa pé èso tó bá so lórí ẹ̀ka gíríìnì, gíríìnì ló ń hù, kódà bó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ẹ̀ka funfun, tó jẹ́ bíi bàbá èso, ló bà lé e. Ìyá nìkan ni ewé ọmọ ń fàwọ̀ jọ.

Lọ́dún 1991, òdòdó míì tí ewé ẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, tó jẹ́ Màmá nìkan ló ní in, hù lọ́gbà Àǹtí. Àǹtí búra pé inú èso òdòdó gíríìnì òun ló ti hù. Màmá ní irọ́ gbuu, ìyá gíríìnì ò lè bí ọmọ yẹ́lò! Wọ́n pe àbúrò wọn lólè lójú oníbàárà àti lójú ìjọ tí wọ́n ti ń to òdòdó sórí pẹpẹ. Ìjọ yọ Àǹtí kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Lọ́dún 2019, Màmá fẹ́ fi hàn gbangba pé olè ni Àǹtí. Wọ́n mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó yẹ́lò, wọ́n fi kan òdòdó gíríìnì, wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí lẹ́búlẹ́bú míì má bàa kàn án. Nígbà tí àwọn èso ẹ̀ hù, ìdajì wọn jẹ́ gíríìnì, ìdajì jẹ́ yẹ́lò. Àṣé ní ti èyí, bàbá náà ń fún ọmọ láwọ̀! Oyin ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó Màmá fo ògiri látọjọ́ yìí. Màmá sunkún débi pé ẹ̀rù bà wá.

Wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn Àǹtí. Àǹtí yọjú lójú fèrèsé, wọ́n bi Màmá pé kí ló tún sọnù. Wọn ò ṣílẹ̀kùn. Kí Màmá tó dákẹ́, wọ́n ní ká kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìsìnkú àwọn, kí gbogbo ẹni tó gbọ́ ẹ̀sùn náà lè kà á.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àbúrò kan sáyé lọ. A ò mọ̀ bóyá Àǹtí máa wá lónìí, torí wọ́n ń fura sí ìpè wa. Tẹ́ ẹ bá rí wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú ẹ̀gbẹ́ wò wọ́n. Ẹ fún wọn láyè níwájú. Wọn ò jí nǹkan kan.

Màmá, a ti kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe wí. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ sùn re o.