Igbá omi tí Ràfíátù kò tíì mu

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ bí mi, tí ẹ tún fi mí ṣe ọ̀rẹ́,

Inú yàrá tí ẹ kú fi sílẹ̀ ni mo ti ń kí yín. Ẹ mọ̀ pé n ò mọ̀wé. Ọmọ mi, ìyá Ràfíátù, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, kó kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Ó ti ń fa imú báyìí, a ò sì tíì sọ nǹkan kan.

Ọyẹ́ ti dé. Kajú wa lọ́nà Alafiarou ti ń tanná. Igi òrí tí ẹ máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ parí ìjà ṣì wà lẹ́bàá títì, àmọ́ àwọn sémìjàn ló gbà á, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọ̀kadà sí dúró de èrò.

Ṣé ẹ rántí Ràfíátù? Ọmọ kékeré tó máa ń gé èékánná ẹsẹ̀ yín, tí ẹ ó máa díbọ́n pé ó ti gé yín lẹ́ran kó lè rẹ́rìn-ín. Ó ti di obìnrin. Ó wà ní ilẹ̀ Faransé, ọyẹ́ karùn-ún rèé, ó ń ka ìwé òfin dé ibi tó parí sí. Dọkità ni wọ́n ń pe ẹni tó bá kà á tán. Ìyá kan wá láti Goro, ó ní kí n bá òun bi í léèrè oògùn orúnkún. Mo ní dọkità tiwa kì í wo orúnkún, ẹjọ́ ló ń wò. Ó ní ṣé orúnkún òun ò lẹ́jọ́ ni.

Ohun tó ń kọ ìwé lé lórí, iṣẹ́ yín ni. Àdéhùn tá a fi ẹnu ṣe láìsí bébà, bóyá òfin lè gbà á.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, mọ́tò ti ń fun fèrè níta. Sànúsí, ọmọ yín ọkùnrin, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Oṣù mẹ́ta péré, òtútù á lé e wálé. Ẹ fi iṣu tirẹ̀ pamọ́.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo gbé ọwọ́ lé awọ àgùntàn tí ẹ fi ń kírun, èyí tá a fi kọ́ ara ògiri, mo ní, “Ràfíátù, o ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí àfi tó o bá gba ìwé yẹn.” Ẹ̀rín tán. Ọmọ kúnlẹ̀, ó ní, “Mo gbọ́, Màmá àgbà.”

Sànúsí ni mò ń bá wí. Ọmọ ni ọ̀rọ̀ so mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ wa pé ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé awọ yẹn sọ̀rọ̀, kò lè sọ pé òun ò sọ ọ́.

Olùkọ́ tó ń tọ́ Ràfíátù sọ́nà ti lọ síbòmíì. Èyí tó gbapò rẹ̀ ní kó tún ìdajì iṣẹ́ náà ṣe. Ọdọọdún ló ń tò gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gbé níbẹ̀. Ojú mi ò sì tíì kú, Bàbá. Tí mo bá ń rí i lórí fóònù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ẹ̀wù òtútù ló ń wọ̀ nínú yàrá. Fèrèsé yẹn, n ò rí i kó ṣí rí. Ó ní òun ń jẹun. Ọrùn rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó máa bọ̀ nílé. Ó ní, “Màmá àgbà, awọ Bàbá àgbà ni mò ń wò lẹ́yìn yín yẹn.” Mo ní kó gbàgbé awọ. Ó ní, “Èmi tí mò ń kọ ọ́ fún òyìnbó pé ọ̀rọ̀ ẹnu wa ń mú èèyàn, kí n wá jẹ́ ẹni tó máa já a?” Lọ́jọ́ kejì mo ká awọ kúrò lára ògiri kó tó pè. Ó wo ibẹ̀, ó ní, “Ìṣó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.” Ojú mi ló jogún.

Ẹ máa ń tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń di igbá mú. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ á mu ìdajì omi, ẹni tí ọ̀rọ̀ dè á mu èyí tó kù nínú igbá kan náà, ẹ ó wá gbọn awọ bí ẹni ń gbọn eruku. Ṣé tẹ́nì kan bá wà lókè òkun, kò lè mu tirẹ̀ lọ́hùn-ún? Mo bi Ràfíátù. Ó ní igbá kan náà ni, òun ti kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni mo sọ ọ́ fún un.

Kó tó wọlé, àfi kó mu omi. Kó tó mu omi, àfi kó wọlé. Ta ló ṣe irú ilẹ̀kùn yìí, Bàbá? Èmi ni.

Ní Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo mu ìdajì tèmi. Mo gbé ìyókù sí ìgbèrí ibùsùn yín, mo fi abọ́ dé e. Àràárọ̀ ni mò ń ṣí i wò. Ọyẹ́ ń bá a mu tirẹ̀. Tó bá gbẹ, ta lẹ ó ní ó mu ún?

Ibi tí mo ti ń wo omi yẹn láàárọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ mi ti padà wá sí mi létí. “Ilé yìí” ni mo wí. N ò dárúkọ ìlú. Igi òrí yín kò sí nínú ilé. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá títì, tí mo gbé igbá àti awọ lọ bá a láàárín ọ̀kadà àwọn sémìjàn, ṣé ó ti tẹ ilé? Ṣé mò ń rẹ́ yín jẹ ni, àbí ohun tí ẹ máa ṣe nìyẹn?

Ìyá rẹ̀ ti fi bíìkì tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń wá fóònù kó lè pe ọmọ rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ parí èyí.

Èmi ọmọ yín tó máa ń di igbá mú fún yín. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.