Ọwọ́ Mi Ló Dì Í

Baduwa, ọmọ tí mo bí lọ́jọ́ òjò,

Ṣé dáadáa lo wà ní Akra? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tí kì í sùn á máa ṣọ́ yín. Àwa náà wà, orúnkún mi nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ewúrẹ́ rẹ sì ti bí méjì.

Ọ̀rọ̀ Ebo àbúrò rẹ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ọjọ́ tí a bí i gan-an, ni adájọ́ máa sọ iye ọdún tó máa lò lẹ́wọ̀n, nítorí igbó tó wà nínú kẹ́ńkẹ́ àgbàdo tó gbé lọ fún àbúrò mi Kwamina lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. O mọ̀ pé ẹni tó bá gbé oúnjẹ débẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àwọn wọ́dà. Ebo bu ú jẹ báyìí, igbó ló bá lẹ́nu.

Lọ́yà rẹ̀ ní adájọ́ kì í ṣàdédé dárúkọ ọdún. Wọ́n máa wo bí igbó náà ṣe pọ̀ tó, ẹni tó rán an, àti bí wọ́n ṣe fi í pamọ́. Ẹni tó bá sì tètè jẹ́wọ́, wọ́n á dín tirẹ̀ kù. Mo ní kí Ebo yáa jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n dín in lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tún ní kí n kọ ìwà Ebo sínú fọ́ọ̀mù, kí n sọ òótọ́. Mo kọ ẹja tó jí nínú ìkòkò lọ́mọ ọdún mẹ́fà, mo sì kọ ọ́ pé mo ti nà án fún ìyẹn, kí adájọ́ má bàa kà á mọ́ ọn.

Agbẹjọ́rò ìjọba wá ní kí wọ́n fi ọdún kún ti Ebo, pé ìdì kẹ́ńkẹ́ yẹn mọ́ jù, ọ̀daràn tó mọṣẹ́ ló dì í. Baduwa, èmi ni. Takyi ọ̀rẹ́ Kwamina ló gbé kẹ́ńkẹ́ mẹ́ta wá pé ká fi kún ẹrù tí Ebo ń gbé lọ. Háhá àgbàdo ló fi dì í, bíi tàwọn ará Akra. Ojú tì mí pé irú ẹ̀ á jáde nílé mi, ni mo bá tú u, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. N ò mọ̀ pé nǹkan wà nínú ẹ̀.

Ebo mọ ìdì ọwọ́ mi, ìdí nìyẹn tó fi ní òun ló dì í, kí wọ́n má bàa mú mi. Lọ́yà ní kí n jókòó sílé, pé wọ́n lè mú èmi náà. Mi ò ní jókòó. Màá mú ewé dání, màá dì í lójú adájọ́, màá dárúkọ Takyi, kí wọ́n wá wọn tèmi lọ́tọ̀.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Má fi í sínú fóònù o, fóònù mi ò ní ihò tí owó lè gbà jáde. Fi aṣọ ìbora tó nípọn kún un. Bí wọ́n bá dá mi dúró, tó o bá ń bọ̀ wá wò mí, má gbé kẹ́ńkẹ́ wá. Ọbẹ̀ ni kó o sè, kó o sì ti ilé tọ́ ọ wò.

Ọwọ́ rẹ ò ní di ẹrù tí o ò mọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.