Bààlú Tí Yóò Gbé Àgbà Mẹ́rin

Evon, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le ní Seattle? Àǹtí Olinka tó gbà ọ́ sílé ńkọ́? Màmá ń kí yín. Ẹja tí a sá ti gbẹ, odò ti ń dì di yìnyín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Màmá kò gba ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ tí a ń gùn lórí yìnyín mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà mọ́tò láti abúlé wa. Ìdí nìyí tí èmi àti Wassillie ọkọ mi fi ń wá bààlú àlòkù tí yóò máa gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Orí mi ti dàrú. Mo rí ọ̀kan tí kò wọ́n, ìjókòó mẹ́rin. Wassillie bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó mi, ṣé ìjókòó ló ń fò ni? Bí àgbà mẹ́rin bá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú epo, kò ní gbéra nílẹ̀!" Èyí tó lè gbé mẹ́rin wọ́n gan-an. Mo ní ká ra kékeré, ṣebí àwa mẹ́ta la wà nílé. Màmá fajú ro.

"Evon ńkọ́?"

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ. Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá, o kò wálé. Bí o bá ń padà bọ̀, a ó ra ńlá. Bí o kò bá ní padà, jọ̀wọ́, pe Màmá, kí o sọ ọ́ fún un fúnra rẹ. Ẹnu mi kò gbà á.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Nastasia